Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti eré: kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó so tírélà mọ́ ìdí ọkọ̀ ní Ìlú Ọba

Ní Ẹ̀pẹ́, bí ènìyàn bá pe tírélà, ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ tó ń gba ọ̀nà Ìtòkín kọjá ni gbogbo wa ń rí lójú inú. Ní Ìlú Ọba, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun tó dà bí ọmọlanke onítáyà méjì, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Torí pé ó kéré lójú ni àwọn ènìyàn wa kì í fi í kà sí nǹkan. Ẹni tó fẹ́ kó fìríísà, jẹnẹrétọ̀ àti àpò aṣọ lọ sí èbúté Tilbury, kí wọ́n lè bá a fi ránṣẹ́ sílé, á yá tírélà kan, á kó o kún dẹ́nu, á sì gbéra. Ẹni tó ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù fún àwọn ẹbí tó ń pẹja lórí ọ̀sà á ní ṣebí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun lè fà á. Òfin kò béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì lè fà á. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni òfin ń kà, nọ́ńbà yẹn náà ló sì ń sọ bóyá búréèkì ọkọ̀ yín á lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé ìwakọ̀ kúrò nílẹ̀, torí pé òun ló rọrùn jù. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní category B, lè fa tírélà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlò 3,500 lọ ní England, Scotland àti Wales. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá gba ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1997 síwájú gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò mìíràn kó tó lè fa èyí tó wúwo. Northern Ireland kò sí nínú àyípadà yìí o. Ìdánwò náà, tí wọ́n ń pè ní B+E, ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣì ń fi ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wakọ̀, ìyẹn provisional, kò gbọ́dọ̀ so tírélà mọ́ ọkọ̀ rárá. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ní tirẹ̀ kò kọjá oṣù méjìlá lọ́wọ́ ẹni tó ti di ará ìlú náà, kò sì ṣe é pààrọ̀, ìdánwò ni.

Kìlò 3,500 yẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ìwé ìwakọ̀ yín ló gbà á láàyè. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yín má gba ìdajì rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ wo ara férémù ilẹ̀kùn, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ tàbí bébà líle kan tí nọ́ńbà mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá pẹ̀lú èrò àti ẹrù inú rẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti tírélà kò gbọ́dọ̀ kọjá lápapọ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ ti táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 1,950, tí èkejì sì jẹ́ 3,150: ẹ yọ 1,950 kúrò nínú 3,150, ó ku 1,200. Kìlò 1,200 nìyẹn fún tírélà pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá kún. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà kejì yẹn rárá, ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò ṣe é fún tírélà, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn. Ìwé ọkọ̀ náà, V5C, tún ń sọ ọ́: ojú ìlà O.1 jẹ́ ti tírélà tó ní búréèkì, O.2 jẹ́ ti èyí tí kò ní. Nígbà mìíràn, àyè àwọn ìlà yìí máa ń ṣófo. Ẹ wá a lọ sínú ìwé ìlò ọkọ̀ nígbà náà.

Tírélà tí kò ní búréèkì ni èyí tí àwọn ènìyàn wa ń rà jù torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, òun náà ló sì máa ń kó ènìyàn sí wàhálà jù. Kò gbọ́dọ̀ ju kìlò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù. Kò sì tún gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ yín lófìfo lọ. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni ẹ ó dì mú. Ọkọ̀ tó wọn kìlò 1,400 lófìfo, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 700, bí O.2 bá wá ní 650, 650 náà ni. Ara tírélà pàápàá ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí tó lè fagi lé èkejì. Èyí tó kéré jù ló ń jọba.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, irú èyí tí gbogbo wa ń wò pé kò wúwo. Tírélà rẹ̀ lófìfo jẹ́ kìlò 160. Ara ọkọ̀ jẹ́ 280. Ẹ́ńjìnnì fọ́tì tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 75. Bẹ́tìrì, 20. Lítà epo 25 jẹ́ nǹkan bíi 19, torí pé lítà bẹntiróòlù kan kò tó kìlò kan. Ìdákọ̀ró, okùn àti ẹ̀wù ìléfòó, 40. Ẹ rò ó pọ̀: 594. Bí ara irin tírélà yẹn bá kọ 550, ẹ ti fi kìlò 44 rú òfin kí ẹ tó ju àpò aṣọ kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ inú ọkọ̀ ojú omi di ibi ìkẹ́rùsí nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí èbúté.

Omi òjò tún wà ńbẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kìlò kan. Bí omi bá dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀bàtà mẹ́ta ní ìbú, ẹsẹ̀bàtà méje ní gígùn, tí kò sì jìn ju gígùn ìka ọwọ́ kan lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlò 150. Ẹ yọ ìdérí ihò ìdí ọkọ̀ kí omi ṣàn dànù kí ẹ tó gbéra. Bí ọkàn kò bá balẹ̀, ẹ gbé e lọ sí weighbridge, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ tòun ti ẹrù. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù sábà máa ń ní i, owó tí wọ́n ń gbà kò sì tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń torí rẹ̀ ṣe aáyan.

Bí ìwọ̀n bá ti bófin mu, ibi tí ẹ kó o sí ló kù. Imú tírélà gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù ìdí ọkọ̀, ìyẹn irin ribiti tí wọ́n ń so tírélà mọ́, mọ́lẹ̀ díẹ̀: ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé. Fún tírélà kìlò 600, ìyẹn jẹ́ kìlò 30 sí 42. Ẹ gbé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara ẹni nílé sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ gbé igi kan dúró lórí rẹ̀, kí imú tírélà sinmi lórí igi náà ní gíga tí bọ́ọ̀lù ọkọ̀ wà. Ohun tí ẹ bá kà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó sì máa ń gbé imú tírélà sókè. Ẹ sún ọkọ̀ náà síwájú lórí tírélà, kí ẹ gbé bẹ́tìrì àti agolo epo wá sí apá iwájú.

Tírélà tí imú rẹ̀ fúyẹ́ á máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja. Eré ló ń bí i, eré náà ló sì ń tọ́ ọ dàgbà. Lórí 40 máìlì ní wákàtí kan, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Lórí 60, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó yá yín sílẹ̀ ti tó. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tótù, ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí lójú kan, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe já búréèkì. Ẹ má ṣe máa yí ọwọ́ ọkọ̀ tẹ̀ lé e sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ sáré sí i kó lè nà tọ́ọ́rọ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ tó ń fa tírélà fi kéré sí ti ọkọ̀ lásán. Ní ojú ọ̀nà onílà kan tí kò sí ilé, níbi tí ọkọ̀ lásán ti lè sá 60 máìlì ní wákàtí kan, 50 ni tiyín, ìyẹn 80 kìlómítà. Ní mọ́tòwéè àti ọ̀nà alápá méjì, níbi tí wọ́n ti ń sá 70, 60 ni tiyín, 96 kìlómítà. Láàárín ìlú, 30 náà ni. Ní Wales, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, 20 ló wà fún ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ìlú. Pátákó ojú ọ̀nà kì í kọ 50 yín sílẹ̀ fún yín o. Àmì tí gbogbo ọkọ̀ ń rí náà ni ẹ̀yin náà ń rí, ẹ̀yin lẹ ó rántí. Ní mọ́tòwéè tó ní ojú ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó wà lọ́tùn-ún pátápátá. Ẹni tó bá kó lọ sí Jámánì, 80 kìlómítà ni fún ọkọ̀ tó ń fa tírélà, àyàfi bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì lẹ àmì 100 mọ́ ọn. Ní Ireland, 80 ni. Ní California, 55 máìlì ni.

Ẹ fi ara balẹ̀ níbi síso. Bí imú tírélà bá ti wọ orí bọ́ọ̀lù tó sì dún kọ̀ọ̀, ẹ yí táyà kékeré iwájú tírélà sílẹ̀ títí ìdí ọkọ̀ á fi gbéra díẹ̀. Bí imú bá yọ, kò tíì dì. Bí kò bá yọ, ẹ ká táyà kékeré náà sókè kí ẹ sì dè é. Tírélà tó ní búréèkì ní okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fa háńbúréèkì rẹ̀ bí ó bá já. Ojú ihò tí wọ́n ṣe fún un lára towbar, ìyẹn irin ìdí ọkọ̀ tó gbé bọ́ọ̀lù, ni kí ẹ fi kọ́, kí ẹ má kàn wé e mọ́ bọ́ọ̀lù. Èyí tí kò ní búréèkì gbọ́dọ̀ ní ṣéènì, kí ṣéènì náà kúrú débi tí imú kò ní kan títì bó bá já. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín ni ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà, aláwọ̀ ìyeyè. Iná ẹ̀yìn, iná búréèkì àti tràfíkétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí àmì pupa onígun mẹ́ta méjì sì wà lẹ́yìn. Bí tírélà bá fẹ̀ ju ìdí ọkọ̀ lọ, ẹ fi dígí gígùn kún dígí ẹ̀gbẹ́. Láìsí i, owó ìtanràn lè tó £1,000 pẹ̀lú póìntì mẹ́ta lórí ìwé ìwakọ̀.

Àwọn tó ń kó tírélà náà bọ̀ nílé fún ọ̀sà, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Bíárìn ni yóò kọ́kọ́ kú. Láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, ìdí táyà á ti gbóná gan-an. Bí ẹ bá tì í wọ inú omi lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé gba ara rọ́bà ìdí rẹ̀. Gíríìsì á bàjẹ́, ìpẹtà á mú un, ọjọ́ kan táyà á yọ lójú ọ̀nà. Ẹ fọwọ́ kan án: bí kò bá ṣe é dì mú, ẹ dúró ní ìdajì wákàtí kó tutù kí ẹ tó fi ìdí rìn lọ sínú omi, kí ẹ sì ti yọ pátákó iná kúrò. Bí ẹ bá fà á jáde, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fún un ní gíríìsì tuntun. Lórí ọ̀nà Ìtòkín, níbi tí kòtò bá wà, ẹ má fi eré Ìlú Ọba ṣe òdiwọ̀n. Ẹ dúró lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà àkọ́kọ́, kí ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì táyà dì.