Àyẹ̀wò ọdún 2024: Kemi Badenoch nínú ìwé Hansard

Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, iye ìgbà tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn èèyàn ń gbé kiri, wọ́n ń kà á nínú Hansard, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé náà sí. Ti Kemi Badenoch, aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative, kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, torí ipò mẹ́ta ló dì mú láàárín ọdún kan.

Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi ti ẹkùn rẹ̀ wá a. Saffron Walden ló ń ṣojú fún kí ìbò ọjọ́ 4 oṣù Keje tó dé. Lẹ́yìn ìbò, ó di North West Essex. Ẹni tó bá fi ẹkùn wá a, ìdajì ọdún ni yóò rí.

Títí di ìgbà ìbò, mínísítà òwò ni. Mínísítà kì í bi ìjọba ní ìbéèrè, òun ni wọ́n ń bi. Èsì gbólóhùn kan sí méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọba ló sì sábà máa ń bá mínísítà kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí aṣòfin sọ̀rọ̀ ṣe ka gbólóhùn kan sí ọ̀kan náà ló ṣe máa ka ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú sí ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá máa ka ẹyọ kan lápá yìí, ẹ ka ti ọjọ́ 19 oṣù Kejì. Ó ti yọ Henry Staunton nípò alága Post Office, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin náà wá sọ fún oníwèé ìròyìn pé ìjọba ní kí òun fa ẹsẹ̀ lórí owó gbà-má-bínú àwọn tí Horizon, ẹ̀rọ ìṣirò owó Post Office tó ń ṣe àṣìṣe, kó sí wàhálà. Badenoch dìde, ó ní kò sóòótọ́ níbẹ̀ rárá. Ohùn tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Láti òpin oṣù Karùn-ún di ọjọ́ 9 oṣù Keje, ilé ò jókòó. Ẹ má pe ìyẹn ní ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di alátakò, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ fún wọn lórí ilé gbígbé: ó ń bá Angela Rayner, igbákejì olóòótú ìjọba àti mínísítà ilé gbígbé nígbà náà, fà á fúngbà díẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ló borí Robert Jenrick nínú ìdíje olórí ẹgbẹ́ wọn, tó sì di olórí alátakò. Láti ìgbà náà, ìbéèrè 6 ni tirẹ̀ lọ́sàn-án Wednesday. Ní ọjọ́ 6, ìyẹn àkọ́kọ́, ó bi Keir Starmer, olóòótú ìjọba, bóyá David Lammy, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Trump lórí èébú àtijọ́, ó bọ́ sórí bóyá wọn ó pe Trump wá bá ilé sọ̀rọ̀, ó tún fò sórí owó ológun. Ní tèmi, fífò yẹn ló jẹ́ kí Starmer rí ọ̀nà lọ: ìbéèrè tó bá tẹ̀ lé èkíní ló máa ń dun olóòótú ìjọba.

Ti ọjọ́ 20 náà wà níbẹ̀. Starmer lọ sí ìpàdé G20 ní Rio, Rayner ló dúró fún un. Àṣà ilé ni pé tí olóòótú ìjọba ò bá sí nílé, olórí alátakò náà á fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì, Alex Burghart, aṣòfin ẹgbẹ́ Badenoch, ló sì béèrè. Òdo ni ẹ̀rọ yóò kọ sí orúkọ Badenoch fún ìjókòó yẹn.