Bàálù rìmóòtù: ẹ má tíì ra bátìrì ńlá

Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí léèrè nípa bàálù rìmóòtù níbí ní Houston, èyí tó jọ bàálù ogun ni ọkàn wọn ń fà sí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. AeroScout, bàálù rìmóòtù kan fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fóòmù ni ara rẹ̀, apá rẹ̀ wà lókè, ẹ̀yìn sì ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà, kì í tètè kán tí imú bá gbá ilẹ̀. Ní ipò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá ti fi ọ̀pá rìmóòtù sílẹ̀, bàálù á fúnra rẹ̀ dọ́gba.

Gbígbéra kò le. Ìgbà tó bá kọjú sí yín ló le, torí ọ̀tún á di òsì. Apá tó bá ń rẹlẹ̀ ni kí ẹ ti ọ̀pá rìmóòtù sí; á gbé e dìde.

AeroScout ju 250 gíráàmù lọ, nítorí náà FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀: dọ́là 5 fún ọdún 3. Ẹ tún ní láti ṣe ìdánwò TRUST, ìyẹn ìdánwò lórí òfin ààbò fún àwọn tó ń fi bàálù rìmóòtù ṣeré; ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti àtúnṣe, bátìrì ńlá ni gbogbo ènìyàn ń sáré sí. Ó wúwo! Bàálù á nílò eré púpọ̀ sí i kó má baà já, ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba, tí ẹ bá fi ìka gbé e, sì lè yí padà. Ohun tí n ó kọ́kọ́ rà ni abẹ̀bẹ̀ àfipamọ́, àti ohun kékeré tí wọ́n fi ń wo agbára bátìrì. Tí ẹ kò bá ní fò lọ́la, ẹ má fi bátìrì LiPo sílẹ̀ ní 4.2 fólìtì, ìyẹn kíkún, lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (àwọn ẹyọ tó para pọ̀ di bátìrì), 3.8 ló tọ́.