Ford 1932 tí a lọ gbé ní aṣálẹ̀ California

Dọ́là 18,000 ni màmá tó ni ọkọ̀ náà pè é lórí fóònù. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, torí òun ló fa wàhálà ọjọ́ tí a débẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ ń gbé ní Houston, ti ń wá irú ọkọ̀ yìí: Ford 1932 tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un gé lórí, tí wọ́n tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i lábẹ́. Hot rod ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn bíi tèmi kò ní í lanu sílẹ̀ torí pé ẹnìkan gé ọkọ̀ tó sì tún un kàn. Páńẹ́lì-bítà ni bàbá mi. Ojú mi ṣe bí wọ́n ṣe ń kan pákó bọ̀lẹ̀kájà lé orí Bedford. Ti bọ̀lẹ̀kájà, kó lè gba èrò àti ẹrù ni. Ti àwọn ọmọ California wọ̀nyí, kó lè fúyẹ́ kó sì sáré.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ta wọ́n lólobó pé ọ̀kan wà lẹ́bàá Victorville, lọ́wọ́ màmá kan tí ọkọ wọn ti kú, àti pé láti 1964 ló ti wà nínú gáréèjì láìjáde. A yá tírélà kékeré kan, a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n mi, a sì gba ọ̀nà I-10 lọ.

Ọjọ́ méjì ni a fi rìn ín. N kò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀, àfi ti òtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ní El Paso. Dọ́là 149 ni wọ́n gbà, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì sí ibi tí tírélà lè gbé dúró nínú ọgbà wọn. Ẹ̀gbẹ́ títì ló sùn, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó tì í lójú fèrèsé. Bí ẹ bá máa fa nǹkan rìnrìn àjò, ẹ béèrè ibi tó máa sùn kí ẹ tó sanwó yàrá.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ la dé ilé màmá náà. Ọmọ wọn ọkùnrin ló jáde sí wa, ẹni bí ọgọ́ta ọdún. A kò tíì kí i tán tó fi ní iye ti yí padà, ó ti di dọ́là 45,000. Ó na fóònù rẹ̀ sí wa ká wo ìdí rẹ̀. Fọ́tò Hirohata Merc ló wà níbẹ̀: Mercury 1951 tí Barris Kustoms, ilé iṣẹ́ tó ń gé ọkọ̀ tó ń tún un kàn, tún ṣe fún Bob Hirohata ní 1952. Ọ̀dọ́langba kan tó ń jẹ́ Jim McNiel ra ọkọ̀ yẹn ní dọ́là 500 ní 1959, kò sì kúrò lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí gbàǹjo ní January 2022, tó sì ta ju dọ́là mílíọ̀nù 2 lọ. Ọmọ màmá ní bí ti ibẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí tiwọn kò ní í tó 45,000?

Inú bí mi gan-an. Ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, owó epo, owó tírélà, a sì ti fẹnu kò lórí iye. Ohun tó ń ba ọjà ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ nìyí: wọ́n á ta ọ̀kan tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tó ní irin kankan lẹ́yìnkùlé á bá fi ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà kọ iye náà ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Wọ́n ní Hirohata Merc ní fọ́tò, ó ti jáde nínú ìwé ìròyìn láyé ìgbà náà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ tó ṣe é. "Ẹ jẹ́ ká wo tiyín ná."

Ilẹ̀kùn gáréèjì náà há. Àwa mẹ́ta la jọ tì í kó tó gbà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo sì rí i. Eruku bò ó bí ìgbà tí wọ́n ku elùbọ́ lé e lórí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ orí ba tó fẹ̀yìn lélẹ̀ yẹn, n kò lè ṣì í mọ̀. Ẹnu mi wọhò fún ìgbà díẹ̀.

Nǹkan bí íǹṣì 3 ni wọ́n gé kúrò nínú gíga òrùlé rẹ̀. Mo tẹ̀ba, mo tan iná sí igun tí ọ̀pó wíńdò ti pàdé òrùlé, mo sì rí òjé. Lóde òní pọ́tì là ń fi bo ojú ibi tí a bá jó pọ̀. Nígbà yẹn, òjé ni wọ́n ń fi iná yọ́ sí i, wọ́n á fi pátákó kékeré tẹ́ ẹ bó ṣe ń rọ̀, wọ́n á wá fi fáìlì fá a títí yóò fi bá irin dọ́gba. Lápá òsì, ẹni tó ṣe é kò fá a tán. Ipa pátákó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe fà á lọ́jọ́ náà. Bàbá mi máa ń di ojú bí wọ́n bá lu bọ́dì tán, wọ́n á fọwọ́ ra á, torí ọwọ́ ń rí ohun tí ojú kò rí. Mo di ojú tèmi náà, mo fọwọ́ ra òjé yẹn. Ọ̀gá ni ẹni tó ṣe é, bí kò tilẹ̀ fá apá kan tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nídìí ẹ́ńjìnnì ní tiwọn. Ọdún 1932 gan-an ni Ford kọ́kọ́ gbé V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, sínú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Agbára ẹṣin 65 ló ní. Ìdí tí àwọn ọmọ náà fi fẹ́ràn ọkọ̀ ọdún yẹn nìyẹn: ó fúyẹ́, ó rẹwà, ó sì ti di ọkọ̀ àlòkù tí kò wọ́n nígbà tí wọ́n dé láti ojú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ́ńjìnnì inú èyí kì í ṣe èyí tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́. V8 ti Mercury, ọkọ̀ tí Ford náà ń ṣe, tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni, kábúrétọ̀ Stromberg 97 méjì jókòó sórí rẹ̀, Edelbrock, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, sì ni orúkọ tó wà lára irin tó gbé wọn dúró. Bíréèkì ọ̀pá tó bá a wá ti kúrò, wọ́n ti fi èyí tó ń lo ọ́ìlì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1939.

Bùlọ́ọ̀kù rẹ̀, irin ńlá tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, ló bà wá lẹ́rù. Nínú àwọn V8 Ford àtijọ́ yìí, àárín bùlọ́ọ̀kù ni èéfín gbígbóná ń gbà jáde, ooru rẹ̀ ń wọ omi, ó sì rọrùn kí irin là láàárín fáfù àti sílíńdà. Ẹ kò lè rí i títí ẹ ó fi ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kò sì sí ọlọ́jà tó máa jẹ́ kí ẹ ṣí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ dúnàádúrà bíi pé ó ti là.

Ibi tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku dáṣíbọ́ọ̀dù ni nǹkan kan ti tàn. Àwo idẹ pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n kàn án mọ́ ojú irin. SCTA (Southern California Timing Association) ló wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1937, ló ń ṣètò eré ìje lórí adágún tó ti gbẹ, irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fún awakọ̀ kó fi mọ bó ṣe sáré tó. Tiwa kà báyìí: El Mirage, 1950, máìlì 118 ní wákàtí kan.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ màmá wà níta, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá fi eruku bò ó padà, kò sí ẹni tó máa bi wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò ronú lé e lórí rárá. Wọ́n pe màmá, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí. Ó ń bù kún iye ọkọ̀ yín."

Màmá wọ awò wọn, wọ́n tẹ̀ba, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá ní, "Ọkọ mi sọ fún mi pé òun kò ju 90 lọ." Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wọ́n, omi wá dé ojú wọn.

Dọ́là 26,000 ni wọ́n pè é fúnra wọn lẹ́yìn náà. Ọmọ wọn ráhùn, wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kí a tó fà á sórí tírélà, wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ inú rẹ̀. A tẹ́ aṣọ sórí ìjókòó tí eku ti jẹ, wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A jáde síta fún wọn.

A kò lè kúrò ní àdúgbò yẹn láìdé El Mirage, adágún gbígbẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwo yẹn. Muroc, adágún gbígbẹ mìíràn, ni wọ́n ti ń sáré tẹ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó gba ibẹ̀ fún bàálù. Edwards ni ibẹ̀ ń jẹ́ báyìí. El Mirage ni wọ́n wá lọ, SCTA sì ń sáré níbẹ̀ títí di òní. Ẹ óò sanwó kí ẹ tó wọlé, kò sì dùn mí. Ilẹ̀ tẹ́ lọ títí ojú ò fi ríran mọ́, amọ̀ rẹ̀ là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. A dúró sí etí rẹ̀, ọkọ̀ náà wà lórí tírélà, ó kọjú sí ibi tó ti sá 118 yẹn. A po gàrí Ìjẹ̀bú, a da ẹ̀pà sí i, omi inú kúlà tutù wàì. Nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ ní Amẹ́ríkà, n kò rí èyí tó ṣẹnuure tó o.

Inú dídùn yẹn kò dé ọ̀nà jíjìn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Arizona, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ni táyà tírélà bẹ́. A sáré gbé sípíà táyà tí àwọn tó yá wa ní tírélà dè mọ́ ọn, ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 5. Ti tírélà jẹ́ 6. Ta ló so ó mọ́ ibẹ̀? Ṣé kò lè kà ni? Ẹni tó bá yá tírélà, kó gbé sípíà náà wọ̀ ọ́ wò níbẹ̀, lójú wọn, kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

A pe ẹni tó ń gbé ọkọ̀ ojú pópó. Dọ́là 180 ló ní òun máa gbà, táyà àti iṣẹ́ ọwọ́. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a fi dúró dè é. Ó dé, ó wo ohun tó wà lórí tírélà, iye di 520. Ó ní owó ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, owó oòrùn wà níbẹ̀. Owó oòrùn! Fọgánáísà tó wà ní Gate ní Ìbàdàn á gba owó gọbọi lọ́wọ́ àlejò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bá a nà án, ẹ lè kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Nínú aṣálẹ̀ yìí, kò sí ẹnìkejì.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ó ní tírélà wúwo, òun máa fa ọkọ̀ náà wálẹ̀ kí òun tó gbé jáàkì sí i. Kí a tó dáhùn, ó ti wọ́ ṣéènì lọ sídìí irin gbọọrọ tó so táyà iwájú pọ̀, irin tí wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í pariwo figbe ta, Yorùbá ló sì jáde lẹ́nu wọn: "Má fọwọ́ kàn án!" Ọkùnrin náà kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ó ju ṣéènì sílẹ̀. Pákó méjì àti jáàkì tiwa la fi gbé tírélà náà. Ó fi táyà wọ̀ ọ́, ó gba 520 rẹ̀, ó lọ. A san án torí kò sí ohun tí a lè ṣe, ó sì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ èyí.

A ti délé báyìí, ìṣòro mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Aṣálẹ̀ gbígbẹ ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yìí dógùn-ún láti 1964. Afẹ́fẹ́ Houston kún fún omi. Ibi tí péńtì ti ṣí lára rẹ̀, irin lásán ló wà níbẹ̀. A ti dí gbogbo ẹnu ihò gáréèjì, a ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, a sì ń ṣọ́ ọ kó má kọjá 50 nínú 100. Ìtẹ́ eku ni a kọ́kọ́ kó jáde. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ o, àìsàn wà nínú ìgbẹ́ eku aṣálẹ̀: ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi oògùn rin ín kí ẹ tó kó o. Wáyà tí wọ́n fi aṣọ wé, tí eku ti jẹ ní apá kan, a kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kó wọn sínú àpótí.

Gbogbo ẹni tó bá wá wò ó ló ń béèrè ọjọ́ tí a máa kùn ún. Wọ́n ní pupa á bá a mu. N kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Bí a bá fi yanrìn bó péńtì yẹn, eruku òjé á wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bó o, ipa pátákó apá òsì á sì lọ, kò sì sí owó tó máa rà á padà. Bí bàbá mi bá wà láyé, mo mọ̀ pé wọn ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fáìlì dé ibẹ̀.

A ti fa epo tó ti di oje kúrò nínú táǹkì. A tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, a da ọ́ìlì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a fi í sílẹ̀. A kò so bátìrì mọ́ ọn. Sátidé méjì la ti fi sípánà gbìyànjú rẹ̀ lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, kò tíì yí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká tún da ọ́ìlì sí i, Sátidé tó ń bọ̀ a ó tún wò ó.