Bí CentOS 6 ò bá rí dísìkì lórí server, ẹ kọ́kọ́ wo controller kí ẹ tó náwó

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí síta torí owó táwọn èèyàn ń ná dànù lórí ẹ̀ ń dùn mí gan-an. Nílùú Àbújá níbí, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ṣì ní sọ́fítíwíà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù tàbí tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, ẹni tó ṣe é fún wọn ti bá tiẹ̀ lọ, orí CentOS 6, Linux àtijọ́ kan, nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí server àtijọ́ yẹn bá kú, wọ́n á lọ ra tòkunbọ̀ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á ki DVD CentOS 6 bọ̀ ọ́, installer, ìyẹn ohun tó ń gbé CentOS sórí dísìkì, á ní òun ò rí dísìkì kankan. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè á ní dísìkì ti bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn, kò ní rí ìyẹn náà, wọ́n á tún ní bọ́ọ̀dù ni, wọ́n á gbé server padà lọ bá ẹni tó tà á, ìjà dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe dísìkì o.

Ṣé ẹ rí i, lórí server, Linux kì í bá dísìkì sọ̀rọ̀ tààrà, controller, ìyẹn chip tó ń darí dísìkì, ló wà láàárín àwọn méjèèjì, driver (sọ́fítíwíà tó ń bá chip sọ̀rọ̀) tó mọ controller yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Kernel 2.6.32 ni CentOS 6 ń lò, ìparí ọdún 2009 ni kernel yẹn jáde, òun náà ni wọ́n sì lò títí dópin. Ohun tí Red Hat, ilé iṣẹ́ tí CentOS ti wá, ṣe nígbà yẹn ni pé wọ́n ń ti driver tuntun bọ inú kernel àtijọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé 6.1, 6.2 jáde, títí dé 6.10 lọ́dún 2018. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé DVD 6.2 tàbí 6.4 tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ látọjọ́ pípẹ́ yẹn, kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n lọ wa 6.10 ní vault.centos.org, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn CentOS àtijọ́ sí. Mo ti rí i níbi tí 6.10 nìkan ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, kò tún sí wàhálà kankan mọ́.

Tó bá ṣì kọ̀, ẹ má méfò. Ẹ fi Linux tuntun, bíi Ubuntu tàbí AlmaLinux, sórí flash, ẹ fi ìyẹn tan server náà láìfi nǹkan kan sórí dísìkì, ẹ wá tẹ lspci -nn, á to àwọn chip inú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ìlà tó bá ní RAID tàbí SAS tàbí SATA, nọ́ńbà tó wà nínú àmì [ ] tó kẹ́yìn lórí ìlà yẹn lẹ ń wá. Bí àpẹẹrẹ, 1000:005d ni MegaRAID SAS-3 3108, òun ló wà nínú PERC H730 tí wọ́n ń fi sí Dell. Èyí tó ṣáájú ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe chip náà, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ irú chip tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, lórí CentOS 6 kan tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ẹ tẹ modinfo megaraid_sas, kí ẹ wá d0000005D láàárín àwọn ìlà alias. Tó bá wà níbẹ̀, kernel mọ controller yín, ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ohun tó ń ṣe é. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè máa pààrọ̀ dísìkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí i.

Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni server HP Gen9 tó ní Smart Array B140i. Téèyàn bá gbọ́ orúkọ yẹn, á rò pé káàdì RAID gidi ni, èyí tó ń so dísìkì pọ̀ di ọ̀kan, àmọ́ chip SATA ti Intel tó wà lórí bọ́ọ̀dù ni, sọ́fítíwíà ló ń ṣe RAID ibẹ̀. Driver tó ń lò ń jẹ́ hpdsa, ti B120i tó wà nínú Gen8 ń jẹ́ hpvsa, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì nínú kernel Linux, lọ́tọ̀ ni HP ń gbé wọn jáde.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Utako pè mí lórí irú ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó rí dísìkì o, àmọ́ méjì ló rí, bẹ́ẹ̀ mo ti so wọ́n pọ̀." Mo ní kó má tíì tẹ Next rárá. Dísìkì 1TB méjì ló so pọ̀ sí RAID 1 nínú controller, kí ohun tó bá wà lórí ọ̀kan wà lórí ìkejì, ó yẹ kí installer rí ẹyọ kan ṣoṣo, àmọ́ sda àti sdb ló jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sójú screen. Driver ahci tó wà nínú CentOS ló ti sáré gba chip yẹn, kò sì mọ nǹkan kan nípa RAID tí wọ́n ṣe. Ká ní ó tẹ̀ síwájú ni, orí sda nìkan ni gbogbo ẹ̀ ì bá bọ́ sí, ọ́fíìsì á máa rò pé àwọn ní ẹ̀dà méjì, ọjọ́ tí sda bá kú ni wọ́n máa tó mọ̀ pé òfìfo ni ìkejì. Lójú tèmi, èyí léwu ju kí installer kúkú ní òun ò rí nǹkan kan lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo RAID ti B140i yẹn dandan, kó wá driver disk hpdsa, ìyẹn fáìlì tó gbé driver yẹn, kó sì ṣọ́ orúkọ fáìlì ẹ̀ dáadáa, torí èyí tí wọ́n kọ rhel6u7 sí (ìyẹn 6.7) kì í ṣe ti 6.9, driver àti kernel gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ tú gz rẹ̀, ẹ fi àṣẹ dd kọ ọ́ sórí flash, tí ojú ìwé tí installer ti ń bẹ̀rẹ̀ bá jáde, ẹ tẹ Tab, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí, dd blacklist=ahci, kún ìparí ìlà yẹn, á béèrè driver disk lọ́wọ́ yín, ẹ mú flash yẹn fún un. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá ti parí báyìí, ẹ tètè fi exclude=kernel* sínú /etc/yum.conf, torí tẹ́nì kan bá lọ ṣe yum update, àṣẹ tó ń mú sọ́fítíwíà tuntun wọlé, kernel míì lè wọlé tí kò mọ driver yẹn rí, ẹ ò sì ní mọ̀ títí iná á fi lọ tí UPS náà á fi kú, iná á dé, server ò ní gbéra mọ́.

Èmi ò ní kí àbúrò mi gba ibẹ̀ o. Mo ní kó tẹ F9, kó wọ System Utilities, kó wá SATA Controller Options, kó yí i sí AHCI, kó wá jẹ́ kí CentOS fúnra ẹ̀ fi mdadm, irinṣẹ́ RAID ti Linux, ṣe RAID 1. Tí nǹkan bá wà lórí dísìkì tẹ́lẹ̀, ẹ kó o kúrò kí ẹ tó yí i. Kò sóhun tí ẹ máa pàdánù, sọ́fítíwíà ṣáà ni B140i ń lò tẹ́lẹ̀, èrè tó wà níbẹ̀ sì pọ̀: bí bọ́ọ̀dù yẹn bá jó lọ́la, ẹ lè fa dísìkì yọ, kí ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà míì tó ní Linux, ẹ̀ẹ́ rí dátà yín. Ẹ rí i dájú pé grub, ohun tó ń gbé Linux dìde, wà lórí dísìkì méjèèjì, kì í ṣe sda nìkan, kí /proc/mdstat sì máa gbé [UU] jáde, ìyẹn ni pé dísìkì méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Láti 30 November 2020 ni àtúnṣe ààbò ti dópin lórí CentOS 6, mi ò fẹ́ràn kí n máa rí i lórí server gidi fúnra ẹ̀ mọ́ rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni kí n fi AlmaLinux sórí server fúnra ẹ̀, kí n wá fi KVM inú Linux gbé CentOS 6 sínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Virtio, driver tí VM fi ń rí dísìkì ẹ̀, ti wà nínú Linux láti 2008, nítorí náà CentOS 6 mọ dísìkì VM yẹn dáadáa, ohun yòówù kí controller ìsàlẹ̀ jẹ́ ò kàn án. Bí server bá tún kú, fáìlì qcow2 kan ṣoṣo, tó jẹ́ dísìkì VM yẹn, lẹ máa gbé lọ sórí òmíràn, ẹ ò ní wá driver kiri mọ́. Kí ẹ sáà ti í mọ́ inú ọ́fíìsì, kó má rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí server yín bá wá jẹ́ ti àtijọ́ gan-an, irú R710 tó ní PERC 6/i tàbí èyí tó ní H200, òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí lẹ máa bá pàdé: láti RHEL 8, Linux ti Red Hat tó jáde lọ́dún 2019, ni wọ́n ti yọ àwọn controller yẹn kúrò nínú driver, bẹ́ẹ̀ náà sì ni AlmaLinux 8. ELRepo, ìkànnì tó ń pèsè driver, ní driver disk fún wọn, ẹ kọ ọ́ sórí flash tí ẹ sọ ní OEMDRV, installer á rí i fúnra ẹ̀. Àwọn AlmaLinux ti dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn driver tí wọ́n yọ yẹn padà láti 9.4, lọ́dún 2024, megaraid_sas àti mpt3sas wà lára ẹ̀, nítorí náà ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò.