Háàdì dísíìkì fún kọ̀ǹpútà tá a fi ń rẹ́kọ́ọ̀dù nílé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Tẹ́ ẹ bá ní owó díẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi tún kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lé háàdì ńlá kan ṣoṣo, ẹ pín in sí méjì mẹ́ta tí ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ọbáńtókò níbí l'Ábẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe tèmi, inú yàrá kan nílé, kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá jù, àwọn onífújì náà ń yà, àtàwọn ọmọ kéékèèké tó ń rápù, gbogbo ẹni tí mo sì rí tí iṣẹ́ ẹ̀ ṣègbé, ibì kan ṣoṣo ló tọ́jú ẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ spídì làwọn èèyàn máa ń bi mí jù, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ẹ̀. Tráàkì kan, ìyẹn ohùn máìkì kan, ní 24-bit, 48 kHz (ìwọ̀n tá a fi ń rẹ́kọ́ọ̀dù ohùn), bíi MB 8.6 ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan. Ká ní ẹ gbé máìkì 16 kalẹ̀ fún kúáyà pẹ̀lú àwọn onílù wọn, gbogbo ẹ̀ pátá ò tó MB 2.5 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, bẹ́ẹ̀ háàdì onírin lásán tó ń yí ní 7200 rpm (ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan) lè kọ nǹkan bíi MB 100 ní sẹ́kọ́ǹdù yẹn. Ibo wá ni wàhálà wà?

SSD, ìyẹn háàdì tí ò ní nǹkan tó ń yí nínú, lèmi ń lò nínú kọ̀ǹpútà mi ṣá, torí kì í dún. Yàrá kan náà ni kọ̀ǹpútà àti máìkì jọ wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, máìkì kọ́ńdẹ́nsà yẹn ò sì mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ò yẹ, háàdì tó ń yí á máa kùn lábẹ́ ohùn ẹni tó ń kọrin, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìdí mìsì, ìyẹn pípa gbogbo ohùn pọ̀, kúáyà sì ti lọ sílé. Ẹni tó bá ń lo dùùrù àti ìlù inú kọ̀ǹpútà, àwọn tó tóbi gan-an yẹn, SSD á tún bá a gbé wọn jáde kíákíá.

SSD kékeré, 250GB tàbí 500GB, ni kẹ́ ẹ fún Windows àti sọ́fútíwià. Ẹ wá ra òmíì tọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Kí ló fà á tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sí àìsàn tẹ́ ẹ gbé dé tí wọn ò ní sọ pé "ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀", nígbà tẹ́ ẹ bá sì fi máa rántí orin tó wà níbẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀kẹta ni háàdì onírin, 2TB sókè, èyí tó ń jókòó síta, tẹ́ ẹ máa kó gbogbo iṣẹ́ sí lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é. Tápá bá ká a, ẹ ra ìkan sí i kẹ́ ẹ gbé e sílé ẹlòmíì. Tèmi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ásẹ́rò, olè tàbí iná ò lè jà ní ilé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, lágbára Ọlọ́run.

Tẹ́ ẹ bá ti kó nǹkan sí háàdì ìta yẹn tán, ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi í há ara kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ò burú tó ìgbà tí wọ́n bá mú un dé, iná yẹn máa ń wọlé tagbáratagbára, ká má tíì sọ ti àrá nígbà òjò. Kò sí bí iná ṣe fẹ́ jó háàdì tó wà nínú dúróà. Ẹni tó ń lo désíkítọ́ọ̀pù, UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ, di dandan, torí tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tiẹ̀.

Ọmọkùnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ṣe RAID ńkọ́?" RAID ni kéèyàn so háàdì bíi méjì pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Mo ní RAID wo? RAID 0 ń pín fáìlì sórí háàdì méjì, tí ìkan bá kú, méjèèjì ló lọ. RAID 1 ń kọ nǹkan kan náà sí méjèèjì, ó dáa tí ìkan bá kú, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ara yín paárẹ́, ojú ẹsẹ̀ ló máa paárẹ́ níbẹ̀ náà. Mo ní kó lọ ra háàdì ìta.

Ní ti rírà, ẹ má fi ojú ra tòkunbọ̀. Mo wà ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹni tó ń tà á ń búra pé "London ló ti dé, wọn ò tíì lò ó rárá", mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbà mí láyè, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, mo ṣí CrystalDiskInfo, sọ́fútíwià tó ń yẹ ara háàdì wò, ọ̀fẹ́ ni, Power On Hours ẹ̀, ìyẹn iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, lé ní 30,000. Ìyẹn ju ọdún mẹ́ta lọ láìsinmi, ó jọ pé ara kámẹ́rà CCTV ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ mú owó wá ṣá". Ẹ wo Reallocated Sectors àti Current Pending Sector náà, ìyẹn iye ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lára ẹ̀, tí kì í bá ti ṣe òdo, ẹ dá a padà. Àwọn SSD 2TB olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó kiri yẹn, àwọn tó tú irú ẹ̀ bá mẹ́mọ́rì káàdì kékeré tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́nú. H2testw, sọ́fútíwià tó ń dán ààyè inú háàdì wò, á kọ nǹkan kún un títí àṣírí á fi tú.

Ní báyìí, mo ti fi owó háàdì kún iye tí mò ń gbà, mo sì ń sọ fún kúáyà kí wọ́n gbé fláàṣì tiwọn wá kí n kó WAV (fáìlì ohùn) gbogbo tráàkì fún wọn, tí fáìlì kan bá ju 4GB lọ kí wọ́n fọ́máàtì fláàṣì yẹn sí exFAT torí èyí tó bá jẹ́ FAT32 ò ní gbà á. Ọ̀gá kúáyà kan kùn pé gbogbo nǹkan la fẹ́ kí wọ́n máa rà. Ó rà á ṣá.