Wákàtí mẹ́wàá láti Ìkòròdú

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Rósítà oṣù tó ń bọ̀, ìwé tí mo fi ń pín iṣẹ́ fún àwa tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, ni mo ń bá jà látàárọ̀. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí á rò pé ká kàn pín orúkọ sí àárọ̀, ọ̀sán àti òru ni. Àwọn pápákọ̀ òfurufú kan wà nílẹ̀ wa tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mo máa ń jowú àwọn tó ń ṣe rósítà tiwọn. Tiwa kì í sùn. Ẹni tó ń bá awakọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dìde lọ sinmi kí ẹlòmíì gba ìjókòó náà, torí náà àga kan ń gba ju èèyàn kan lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìwé-àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìṣọ́ nìkan, níbi tí a ti ń fi ojú wo bàálù ní pápákọ̀, mi ò lè gbé e síwájú rédà, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù tó jìnnà hàn.

Ìyá Ìbejì wọlé tọ̀ mí wá. Mo ti fi í sí ọ̀sán tó ń parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì tún fi í sí aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Wákàtí mẹ́wàá ló wà láàárín, ó bófin mu."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un kà láti Ìkòròdú."

A jọ kà á. Kó fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kó dúró de bọ́ọ̀sì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó wo àwọn ọmọ, kó jẹun, kó tún jí ní aago mẹ́rin. Oorun tó kù fún un kò tó wákàtí mẹ́rin.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà mọ ìyà yìí. Wọ́n ní rósítà kan tí wọ́n ń pè ní "rattler", orúkọ ejò olóró kan: ọ̀sán méjì, àárọ̀ méjì, òru kan, tí ìsinmi àárín wọn kò gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn fẹ́ràn rẹ̀, torí ìsinmi òpin rẹ̀ máa ń gùn. Òru ìkẹyìn yẹn ni ejò náà ń buni jẹ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 2006, ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky, bàálù Comair kan gba ojú títì tó kúrú jù láti gbéra. Èèyàn 49 nínú 50 ló kú. Àwọn awakọ̀ ló ṣìnà, ká má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílé ìṣọ́, wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fún un láàárín iṣẹ́ méjì, nǹkan bíi wákàtí méjì péré ló sì fi sùn nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2011, FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, gbé ìsinmi tó kéré jù láti wákàtí 8 sí 9. Ọdún 2024 ni wọ́n tó kéde 10, àti 12 ṣáájú iṣẹ́ òru. Ọdún 13 fún wákàtí kan! N kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́, torí mo mọ ibi tí wákàtí náà ti ń wá: ara ẹlòmíì.

Ọmọkùnrin kan tó ń gbé nítòsí ni mo fi rọ́pò Ìyá Ìbejì. Ó ti pè mí. "Ọ̀gá, ṣé torí pé ilé mi ò jìnnà ni màá ṣe máa jí fún gbogbo ayé?" Mi ò rí èsì gidi fún un.