Ọdún 2025: ọdún Màmá Ejiba

Ẹ̀yin tèmi, okun o! Ẹ mọ̀ pé tí ọdún bá ti ń parí báyìí mo máa ń jókòó ka oore, ka ìyà, ka gbèsè. Ti ọdún yìí ò gùn rárá. Tí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo kàn mọ̀ pé àwọ̀n ya, epo wọ́n, mo sì sanra sí i. Sẹ̀tẹ́ńbà ni Màmá jáde láyé, ibẹ̀ ni ọdún dúró sí.

Ẹ ṣáà mọ Màmá, ìyá tó ń yan ẹja odò ní Ejiba, ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Iṣẹ́ tá à ń ṣe ní adágún dáàmù Omi àti odò Kampe, láti mọ irú ẹja tó wà níbẹ̀, àwọn èèyàn rò pé àwọ̀n wa ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Lóòótọ́ a máa ń ta àwọ̀n olójú kékeré àti olójú ńlá nírọ̀lẹ́, a ó ká a láàárọ̀, torí ojú àwọ̀n kan ò lè mú gbogbo ẹja. Ṣùgbọ́n inú koríko etí omi, ìgèrè àwọn apẹja nìkan ló ń débẹ̀, ẹja ibẹ̀ sì ń gba iwájú Màmá kọjá kó tó kan iná. Èyí tójú ẹ̀ ò bá mọ̀ rí, á yà á sọ́tọ̀ dè mí: "Olówó rúlà, wá wo wèrè kan níbí." Tí mo bá ti gbé e sórí rúlà pẹ́nrẹ́n, mo ti rà á nìyẹn, ó ní ta ló máa jẹ ẹja tí wọ́n wọ̀n bí ẹni fẹ́ rán ṣòkòtò fún un? Mo sanwó títí, ìyàwó mi ń bi mí bóyá mo ní ilé kejì ní Ejiba.

Ẹja ẹlẹ́nu gígùn ló dà á rú láàárín wa jù, Mormyrus àtàwọn ìbátan ẹ̀, àwọn tó ń fi iná mànàmáná kékeré ara wọn mọ̀nà nínú òkùnkùn (tiwọn kì í lọ o). Ní Kàínjì, lẹ́yìn tí wọ́n dí Odò Ọya pa ní 1968, wọ́n dínkù gan-an níbẹ̀, torí omi tó ń ṣàn ti di omi tó dúró. Màmá ló ní kí n yéé wá wọn nínú adágún, kí n gòkè lọ síbi tómi ṣì ń sáré lórí òkúta. A lọ, a rí wọn, ó sì fi yangàn títí ó fi sú wa.

Ìwádìí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, tó jáde ní Jánúárì pé nínú ẹja, akàn, edé àti lámilámi tó ń gbé omi tí kò níyọ̀ káàkiri ayé, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà nínú ewu àtiparun, mo kà á sí i létí. Ó ní, "Ta ló ka àwọn tó kù?"

Orí ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí Títí pè mí láti Ejiba nípa Màmá. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, mi ò... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsìnkú: ẹja Titus ni wọ́n fi sórí ìrẹsì! Ẹja òkun, ẹja inú yìnyín, níbi òkú ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ yan ẹja odò. Mo wo pósí náà dáadáa, torí mo mọ̀ pé tó bá lè dìde, àsìkò yẹn ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ wa tí kò jẹ́ kí n rì, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ní owó á wà fún odò Oyi lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò tíì ra àwọ̀n o. Àwọn kan tún ń sọ pé ká kàn bu omi, ká sẹ́ ẹ, DNA, àmì àjogúnbá tí ẹja máa ń fi sílẹ̀ nínú omi, á sọ ẹja tó ń gbébẹ̀. Ó wù mí, ó kéré tán omi ò ní bá mi ṣẹ́jọ́ owó.

Títí ló ń yan ẹja nídìí iná Màmá báyìí. Ó ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Bọ̀dá, ẹja kan wà nínú fíríìsà tí mi ò mọ̀, ẹ tètè wá, iná ò dúró." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún ni mò ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó mú owó ẹja tiẹ̀ dání.